Oògùn Tí Ó Wà Nínú Àpò Kì í Wo Àrùn

     Ìròyìn ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ wà ní ààyè wọn nínú ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀rọ̀ tiwa ní oṣù yìí jẹ mọ́ ohun kan tí a rò pé, bí a bá fi etí sí i, yóò dín ìròyìn òfò kù nínú rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ti lé ní ẹni ọdún 60, tí ó sì ti ń ta aṣọ ní ìlú yìí láti ìgbà àpọ́n rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé orí ń fọ́ ọ. Dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ bàbá ń ru gidigidi. Ó kọ oògùn lisinopril fún un, ó ní kí ó máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́. Bàbá lọ rà á ní ilé oògùn kan. Ọmọdé tí ó wà nídìí káńtà gba owó, ó di oògùn sínú ọ̀rá, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, bàbá,” ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Gbogbo àlàyé tí bàbá gbà nìyẹn lórí oògùn tí ó yẹ kí ó lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ikọ́ fi dé. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Ó kàn ń rin bàbá lọ́fun ṣáá, kò sì jẹ́ kí ó sùn lóru. Ta ni yóò gbọ́ ikọ́ ní Jos nígbà ọyẹ́ tí kò ní sọ pé òtútù ni? Ìyàwó rẹ̀ fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó mu oògùn ikọ́ olómi tó ìgò méjì. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí lọ kí i ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìpàdé. A gbọ́ ikọ́ náà pẹ̀lú etí ara wa, a sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa wọ súwẹ́tà. A jẹ oúnjẹ rẹ̀, a mu omi rẹ̀, a gbàdúrà fún un, a sì bá tiwa lọ. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tí ó bi í pé, “Bàbá, ǹjẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun kankan láìpẹ́ yìí?”

Aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó sọ fún un nígbẹ̀yìn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni ó ń mú un húkọ́. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Kò mọ ìdajì kejì, èyí tí í ṣe ohun tí ó yẹ kí bàbá ṣe sí i. Bàbá dá oògùn dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ lọ, inú bàbá sì dùn. Kò sọ fún dókítà, kò sọ fún ọmọ. Nítorí pé orí kò fọ́ ọ mọ́, ó gbà pé ara òun ti yá. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà, ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ̀ kò dìde, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń di etí aṣọ mú nígbà tí ó bá ń wọ̀n ọ́n kò tíì padà sípò. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wọn aṣọ báyìí. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka iye ọ̀pá tí ọmọ wọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí a má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ àfi orúkọ òun.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ikọ́ ni làpálàpá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má dá bàbá lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un èwo ni ẹ̀tẹ̀, èwo ni làpálàpá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ ni pé lisinopril àti àwọn ìbátan rẹ̀, irú bí enalapril àti ramipril, lè fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan nínú àwọn tí ń lò ó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un sí oògùn mìíràn, irú bí losartan, tí kì í sábà fa ikọ́ rárá. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú méjì péré sọ èyí fún bàbá nídìí káńtà lọ́jọ́ kìíní, kò bá má dá oògùn dúró. Ìbá padà lọ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

TA NI APOÒGÙN?

Ó yẹ kí ó yé wa pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ta oògùn ni apoògùn. Ẹni tí à ń pè ní fámásísìtì ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó ti kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Pharmacy Council of Nigeria sì ti fún un ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ náà yẹ kí ó wà lára ògiri ilé oògùn rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Oníkẹ́mísìtì etí títì ní àṣẹ tirẹ̀ láti ta àwọn oògùn kéékèèké bí oògùn ẹ̀fọ́rí àti ti inú rírun. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Òun ni ó sún mọ́ wa jù lóru, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà kọ sínú ìwé, tí a óò máa lò fún oṣù àti ọdún, apoògùn ni kí ẹ gbé e tọ̀ lọ. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ nìkan ń dá yín lóhùn, ẹ fi sùúrù sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ rí apoògùn fúnra rẹ̀.” Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Àrùn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ti ń dàgbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Méjèèjì jẹ́ àrùn tí a máa ń bá gbé pẹ́, tí oògùn ojoojúmọ́ sì ń tì wọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ènìyàn lè máa rìn káàkiri ọjà, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa jẹ iyán, nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga ré kọjá. Nítorí náà ni oògùn rẹ̀ fi ṣòro láti máa lò. Ẹni tí ibà ń ṣe yóò lo oògùn ibà nítorí pé ara ń gbóná. Kí ni yóò rán ẹni tí kò sí ohun tí ń dùn ún létí?

Ní ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ní àwọn ilẹ̀ olówó pàápàá, ìdajì péré nínú àwọn tí ó ní àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó ń lo oògùn wọn bí ó ti yẹ, ti àwọn ilẹ̀ tí kò lówó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀wé tàbí agídí Yorùbá ni ó fa ọ̀ràn yìí. Gbogbo aráyé ni ó ń dá oògùn dúró.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ ÌLÚ ỌBA

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọsẹ̀ lórí oògùn tuntun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn tuntun fún, fún àwọn àrùn bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti asima, àti fún àwọn tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ètò náà kò le. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá gba oògùn, apoògùn yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò sì dá ọjọ́ fún un. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 7 sí 14, wọn yóò tún pàdé, ní ilé oògùn tàbí lórí tẹlifóònù. Apoògùn yóò bi í pé: Ǹjẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Báwo ni ara ṣe ń gbà á? Ǹjẹ́ ó ní ọjọ́ tí ẹ gbàgbé? Kí ni ó ń bà yín lẹ́rù nínú rẹ̀? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, wọn yóò tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjọba ni ó ń san owó iṣẹ́ yìí fún apoògùn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé, tí àwọn ti Yunifásítì Nottingham ṣáájú wọn, yẹ ètò náà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lo ènìyàn 504 ní ilé oògùn 46. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: apá kan gba ètò tuntun yìí, apá kejì gba irú ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n wo àwọn tí wọ́n rí èsì wọn gbà. Nínú ènìyàn 100 tí ó gba ìtọ́jú àtijọ́, 61 ni ó ń lo oògùn bí ó ti yẹ. Nínú 100 tí apoògùn ń pè sọ̀rọ̀, 71 ni. Èsì náà jáde ní ọdún 2016.

Ẹnì kan lè sọ pé mẹ́wàá nínú 100 kò pọ̀. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Nínú àwọn tí apoògùn bá sọ̀rọ̀ gan-an, 29 kò ṣe é bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń kún inú gbọ̀ngán ìpàdé wa lọ́jọ́ ọdún. Ẹ yọ mẹ́wàá nínú gbogbo 100 tí ó jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ta ni ẹ fẹ́ yọ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi jèrè wọn, kò la iṣẹ́ abẹ lọ.

ÌYÁ ELÉLÙBỌ́

Nílé wa níhìn-ín náà, a ti rí èrè rẹ̀. Ìyá kan wà tí ó ń ta èlùbọ́, tí wọ́n sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n kọ metformin fún un, ẹyọ kan ní òwúrọ̀, ẹyọ kan ní alẹ́. Apoògùn tí ó ti rà á kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Plateau ni. Ṣùgbọ́n ìyá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Apoògùn ní kí ìyá padà wá ní ọjọ́ kẹwàá, yálà ohun kan ń ṣe é tàbí kò sí ohun tí ń ṣe é. Ìyá padà lọ, ó sì ní òun kò fẹ́ oògùn náà mọ́, nítorí pé inú ń ru òun, òun sì ń yàgbẹ́ gbuuru débi pé òun kò lè dúró ti ọjà òun.

Apoògùn kò bá a wí. Ó kàn bi í pé, “Ìgbà wo ni ẹ máa ń lò ó, mama?” Ìyá ní ní ìdájí ni, kí òun tó jáde, nígbà tí òun kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Apoògùn ní kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí gẹ́rẹ́ tí ó bá jẹun tán, ó sì ṣàlàyé pé inú rírú náà sábà máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá fúyẹ́, kí ó tún padà wá, kí wọ́n lè bá dókítà sọ ọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ mu ún. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń ta èlùbọ́ rẹ̀. Bàbá aláṣọ àti ìyá elélùbọ́, oògùn àwọn méjèèjì ni ó kọ́kọ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n: wọ́n bi ọ̀kan léèrè, wọn kò bi èkejì.

Àwa tí a wà ní àjò ní àwọn ìṣòro mìíràn tí ará ilé kò ní. Ìkíní ni èdè. Ọ̀pọ̀ ìyá wa gbọ́ Hausa ọjà dáadáa, kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ wọn jẹ níbi iye owó. Ṣùgbọ́n Hausa tí a fi ń ná ọjà kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣàlàyé bí àyà ti ń já ni. “Ẹyọ kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́” ti di “ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan” létí ẹlòmíràn. Ẹ mú ọmọ dání, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún apoògùn bí ó ti yé yín, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Èkejì ni ìrìn-àjò. A ń lọ sílé fún ọdún, fún òkú, fún ìyàwó. A ní ọjọ́ mẹ́rin, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn sì wà lórí fèrèsé ní Jos. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ ka oògùn bí ẹ ti ń ka owó ọkọ̀, kí ẹ sì fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e. Ẹ gbé e sínú àpò ọwọ́ yín, kí ó má bá ẹrù lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àgbo àti oògùn ara ríro. A kò sọ pé kí ẹ kọ àṣà yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún apoògùn, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú bí ẹ bá ń lo oògùn orúnkún àti ẹ̀yìn bí ibuprofen àti diclofenac, nítorí wọ́n lè mú kí ìfúnpá ga sí i, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, ẹ lọ rí dókítà tàbí apoògùn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oṣù Ramadan tó wọlé. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan wà, irú bí glibenclamide, tí ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ bí inú bá ṣófo. Aláboyún àti ẹni tí ń retí oyún kò gbọdọ̀ dákẹ́ níwájú káńtà. Lisinopril tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lè ṣe ọlẹ̀ inú ní ibi.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Ojú máa ń ti àwọn àgbà láti sọ pé owó oògùn kò sí, wọn a wá máa lò ó ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kejì. Ẹ sọ ọ́. Apoògùn lè mọ irú kan náà tí owó rẹ̀ kéré, tàbí kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá kọ oògùn tuntun fún yín, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún: Kí ni oògùn yìí ń ṣe nínú ara mi? Ìgbà wo ni kí n máa lò ó, ṣáájú oúnjẹ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Kí ni ó lè ṣe mí tí kò yẹ kí ó bà mí lẹ́rù, èwo sì ni ó yẹ kí n sáré gbé wá? Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ kan, kí ni kí n ṣe? Ìgbà wo ni kí n padà wá? Bí ètè, ojú tàbí ahọ́n bá wú lẹ́yìn oògùn, tàbí tí èémí há, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí irú ewu bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dá oògùn ojoojúmọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹ ti bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

A kò ní dúró títí ìjọba yóò fi ṣe irú ètò Ìlú Ọba fún wa. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ kan tí yóò máa bá àgbà ilé lọ sọ́dọ̀ apoògùn, tí yóò sì kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sára kàlẹ́ńdà. Ní ìpàdé oṣooṣù, bí a bá ti kí ara wa tán, kí a máa bi àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti padà lọ?” Kò gba ìṣẹ́jú kan. A ì bá ti bi bàbá wa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a jẹ oúnjẹ rẹ̀, dípò ọ̀rọ̀ súwẹ́tà.

Bàbá ti wà lórí oògùn mìíràn báyìí, ikọ́ kò sì padà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ni ó ń fún un ní oògùn láràárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní bí òun bá pẹ́ lórí ibùsùn, ọmọ náà yóò dúró tì òun pẹ̀lú omi lọ́wọ́, kò ní lọ títí òun yóò fi gbé e mì.